Àwọn Ìpè Tó Yà sí Òdìkejì Títì

Ẹni tó dáni lóró, agbára ló fi kọ́ni. Òtúnfóònùṣe tó wà ní Ilo-Awela ló yí fóònù sí ojú ìyá aránṣọ.

"Mọ́mì, ẹnì kan ti darí gbogbo ìpè yín sí nọ́ńbà yìí."

Nọ́ńbà Fẹ́yìsetán ni, ọmọṣẹ́ tó máa ń bá a tẹ fóònù títí ó fi gba fíríìdọ́ọ̀mù, tó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Abájọ tí ìjọ mẹ́ta fi gbé aṣọ akọrin wọn lọ síbẹ̀.

"Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Fi í sílẹ̀. Bá mi kọ ọ́ sórí Wásáàpù ìjọ wa pé ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, kó pe nọ́ńbà mi fún àdúrà."

"Mọ́mì, ẹ burú o."

"Olúwa ló ni ẹ̀san. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń jẹ́."

Kò pẹ́ tí Fẹ́yìsetán bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń gbé e. Ìyá aránṣọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń lá oyin. Nígbà tó rí i tó ń sọdá bọ̀, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń retí ẹ̀bẹ̀.

"Mọ̀gá, ẹnì kan fi nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè, ó ń sunkún," ni Fẹ́yìsetán wí. "Mo rò pé ẹlòmíràn tó ń wá àdúrà ni, ni mo bá gé e. Bí mo ṣe ń gé e ni mo gbọ́ pé, 'Mọ́mì, èmi Yẹ́misí ni, ẹ wá gbà mí.'"

Yẹ́misí ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá aránṣọ bí, tó wọ yunifásítì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá aránṣọ dìde.

"Fẹ́yìsetán, jọ̀ọ́, tún nọ́ńbà yẹn pè."