Iná Pupa Lórí Tábìlì Ìbídùnní

Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń dúró de Ìbídùnní. Tábìlì àwọn ọmọ kíláàsì mi tó kù ti tan iná àwọ̀ ewé, tirẹ̀ nìkan ló ṣì pupa fòò, àmì pé ebi ń pa á. Òfin sì ni pé ìdánwò ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbikíbi bí ebi bá ṣì ń pa ọmọ kan ṣoṣo.

Mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Tísà. Mo ti yó."

Irọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni, kì í jẹun níta. Mo bá pe ìyá rẹ̀, ojú ìyá náà sì yọ lára ògiri.

"Ìbídùnní! Ṣé ilé onílé nìyẹn ni? Jẹun, jàre!"

Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Iná yí padà, agogo ìdánwò ró káàkiri ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ sì hó yèè.

Láyé ìyá mi, irú ọmọ tí ebi ń pa wá síléèwé yìí ni tísà máa ń pè ní olódo. Òun ló kọ́kọ́ parí ìdánwò lónìí. Ó nawọ́ sókè.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́ínmọ́ín ṣì kù?"