Ìgbín Gbé Igbá Ìbò Dé Ẹnu Ọ̀nà

Àlọ́ o! Àlọ́ mi gbéra, ó yọ́ kọjá lójúde, ó bà lé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, olórí ẹranko tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àpèrè.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ yan olórí tuntun, àjàkálẹ̀ ikọ́ wọ igbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní, "Ẹ má jáde nílé o, kí ikọ́ má baà pa yín. Ẹni tó bá fẹ́ Ẹtu tó ń bá mi du àpèrè, kó ju ekùrọ́ sígbá ìbò. Ẹni tí kò bá jù, èmi ló yàn."

Ni Ìgbín bá gbé igbá sórí, ó ń fà láti ojúlé dé ojúlé.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jágbe mọ́ ọn: "O jáde nílé!"

"Olórí wa, ìgbà wo ni mo jáde? Ṣebí bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e."

Ó bá ń kọrin lọ:

Onílé, na ọwọ́ síta,
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ja!
Ikọ́ ò ní gba ohùn wa,
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ja!
Rọra ju ekùrọ́ sígbá,
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ja!

Igbá kún dẹ́nu. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fárígá: "Irọ́ ni! Kò dé ilé ẹnì kankan. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí tó ń dá ekùrọ́ jù!"

Ọ̀bọ ké láti orí igi rẹ̀: "Ẹ yọjú wo ilẹ̀!"

Omi ìgbín ń dán yanran lójú ọ̀nà, láti ẹnu ihò Òkété dé ìdí igi Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò fo ilé kan.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àpèrè fún Ẹtu. Gbogbo igbó mí kanlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́.

Bí mo bá purọ́, ẹ lọ wo ipa ìgbín lẹ́yìnkùlé yín.