Ta Ló Ń Fa Iná Wa?

Hajarat pa fáànù Lọ́yà Adégbóyè nígbà tí Lọ́yà ṣì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Saadat, mo wà níbí o," ni Lọ́yà wí.

"Mo rí yín, sà. Fèrèsé nìyẹn. Ẹ ṣí i."

Lọ́yà ṣí fèrèsé. Eruku ojú títì wọlé, ó bà lé ẹ̀wù funfun rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí Hajarat ti ń bójú tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní Osi, ilé tó jẹ́ pé ọ́fíìsì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Saadat àti àbúrò rẹ̀ méjì, ń gbé ilé kékeré tó wà lẹ́yìn, torí ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ́fíìsì ni onílé ń fún ní ibẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, onílé ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé òun kò fẹ́ ìfiṣòfò mọ́ nínú àwọn ilé òun. Ilé tí iná tó ń lò bá dínkù láàárín oṣù mẹ́ta, òun á gbé sólà sórí rẹ̀. Èyí tí kò bá dínkù, òun á wá ẹlòmíràn tí yóò máa bójú tó o.

Hajarat ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun nínú abọ́ kan, ó kà wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan lè ti sọnù. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀tá gílóòbù.

Ó to dúrọ́ọ̀mù sí etí òrùlé, omi òjò sì ni gbogbo ilé ń dà sí ilé ìgbẹ́. Ìwé tí wọ́n bá ti tẹ ojú kan rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ojú kejì, lẹ́yìn náà yóò kó o fún alákàrà. Báyìí ni ìyàwó ilé kan ní Odò-Ọwá ṣe ka ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lára àkàrà. Wọ́n ní ó jẹ àkàrà náà tán kó tó dìde.

Oṣù kìíní parí. Iná tí mítà kà kò dínkù, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ní oṣù kejì, ó tún lé.

"Olè wà nílé yìí," ni Hajarat wí.

Prosper, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ ìwé fún aráàlú ní ìsàlẹ̀, ló fura sí jù.

"Prosper, kí ni o so mọ́ iná?"

"Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, Màmá. Ẹ ti yọ gílóòbù mi lọ."

"Kí ló wá dé tí o fi ń làágùn? Òógùn olè nìyẹn."

"Òógùn ẹni tí wọ́n gba fáànù rẹ̀ ni, Màmá."

Hajarat dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wàásù fún wọn. "Ẹ wo ilé mi lẹ́yìn níbẹ̀. Fìríìsà méjì ni mo fi ń di omi tí mò ń tà. Káàdì tí mo rà sí mítà mi nígbà ààwẹ̀, kò tíì tán. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń bo fìríìsà. Iná mọ ẹni tó ń ṣìkẹ́ rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Lọ́yà fi ẹ̀wù kóòtù rẹ̀ bo fíríìjì. Fíríìjì náà gbóná, ó sì kú.

"Ẹ̀wù yín ti gbọ́ irọ́ jù," ni Hajarat sọ fún un.

Ó pe Ṣèyítán, wáyámáànù tó tún wáyà ilé Hajarat so nígbà tí ìjì wó òpó lọ́dún tó kọjá. Ṣèyítán kò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ọmọ òrukàn kò gbọdọ̀ gbé inú òkùnkùn. Hajarat ṣì ń ṣàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun. Ó ní kó wá bá òun mú olè. Ṣèyítán ní òun wà ní Èrúkù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣì wà ní Èrúkù.

"Ìyá Saadat, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀," ló sọ lórí fóònù. "Sólà ò kúkú dára tó bẹ́ẹ̀."

Hajarat kò fi í sílẹ̀. Ó bẹ onílé kó rán ẹni tó mọ iná wá, ó sì ní kí Prosper tẹ ìwé kan: ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó ń fa iná ilé náà, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ẹ̀bẹ̀ kò sí.

"Ẹ̀bẹ̀ kò sí kẹ̀?" ni Lọ́yà bi í. "Ẹni náà lè ní ọmọ o."

"Èmi náà ní ọmọ, sà."

Onílé gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Hajarat ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, torí oṣù kẹta ti ku ọjọ́ mẹ́rin.

Dàmọ́lá, ẹnjiníà tí onílé rán, dé lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jáde. Wọ́n jáde. Ó tẹjú mọ́ mítà.

"Ó ṣì ń sáré," ni ó wí. "Ẹnìkan wà lórí rẹ̀."

Hajarat yíjú sí Prosper.

"Bísíkíìtì ló wà lọ́wọ́ mi, Màmá," ni Prosper wí. "Kì í lo iná."

"Màá pa á láti ibi ṣíwíìṣì ńlá," ni Dàmọ́lá wí. "Ẹni tó ń fà á ló máa kọ́kọ́ pariwo."

"Ẹ pa á," ni Hajarat wí, ó sì to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè máa wo ẹnu kálukú.

Dàmọ́lá fa ṣíwíìṣì ńlá náà wálẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lanu nínú wọn, láti ojú fèrèsé ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ni Saadat ti ké wá pé, "Màmá, wọ́n ti mú iná o."