Àsíá Pupa Orí Òkúta Teshie

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ yín tó ní kámẹ́rà tàbí fóònù lọ́wọ́.

1.

Ọmọ Nima, ní ìlú Accra, ni Abọ́dúnrìn. Ìyá rẹ̀, Àkànkẹ́, ń ta ọṣẹ dúdú ní ọjà Tudu, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina; Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọṣẹ yẹn ló fi tọ́ Abọ́dúnrìn àti Fáòsíà àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú.

Ayafọ́tò ni Abọ́dúnrìn, àmọ́ kì í ya fọ́tò òde ìnáwó. Òkúta etí òkun ni tirẹ̀. Á gbé kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, á fi gíláàsì dúdú bò ó lójú, á wá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ á hàn kedere. Ohun tó bá ń mira á di èéfín. Bí ìgbì ṣe ń ké tó, nínú fọ́tò, á funfun, á tẹ́jú bíi wàrà.

"Òkun nìyí àbí omi ọṣẹ?" Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bi í nìyẹn, tí á sì bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń ra òkun lọ́wọ́ rẹ, ní kí wọ́n yà lọ́dọ̀ mi kí wọ́n ra ọṣẹ kún un o!"

2.

Òkúta kan wà ní etí òkun Teshie tó wù ú ju gbogbo òkúta yòókù lọ. Ó gùn wọnú omi lọ gbọọrọ. Àmọ́ àwọn apẹja ti ri ọ̀pá mọ́ ọn, wọ́n so aṣọ pupa sórí rẹ̀, torí pé ìgbì ńlá kan máa ń yọ́ wá síbẹ̀ nígbà tí ọkàn èèyàn bá ti balẹ̀.

Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí aṣọ náà sinmi. Nítorí náà, nínú gbogbo fọ́tò tí Abọ́dúnrìn bá yà níbẹ̀, aṣọ náà á di àbàwọ́n pupa, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sínú wàrà. Tó bá délé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ojú á fi máa ta á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sú u. Oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run rí gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́. Ó fa ọ̀pá náà tu.

Ataa Odoi, apẹja àgbà kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, pariwo mọ́ ọn ní Twi: "Ọmọ Alata! Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Fọ́tò kan péré ni. Màá dá a padà."

"Kí o rí i pé o dá a padà o!"

Ó tẹ́ ọ̀pá náà sẹ́yìn òkúta. Ó lóṣòó, ó sún kámẹ́rà síhìn-ín, ó sún un sọ́hùn-ún, títí òkúta fi bọ́ síbi tó wù ú. Fọ́tò náà jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dára! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré lọ wọ ọkọ̀ èrò trotro, kó lè tètè délé lọ tún un ṣe.

Ọ̀pá ńkọ́? Inú trotro ló ti rántí. Ó ní, "Àwọn apẹja á kúkú rí i."

3.

Nílé, ó gé etí fọ́tò náà, ó mú kí òkúta dúdú sí i, ó mú kí omi funfun sí i. Fáòsíà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Ìgbéyàwó Fáòsíà ti sún mọ́lé.

"Bọ̀ọ̀dá, omi yìí ṣe bí ẹni pé èèyàn lè tẹ́ ẹní lé e! Ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́?"

Ìgbéraga kò jẹ́ kó sọ òótọ́. "Bó ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ mú mi lọ síbẹ̀ lọ́la, kí ẹ yà mí bí ìyàwó."

"Tó bá yá. Ṣé o ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ojoojúmọ́ ni 'tó bá yá' yín! Ó dáa, èmi àti Afeefah ọ̀rẹ́ mi á lọ. Ẹ jókòó ti òkun yín."

Ó yọ ahọ́n sí i. Abọ́dúnrìn kò yíjú wò ó.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn apẹja ti wà lójú omi. Afeefah dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú fóònù. Fáòsíà bọ́ bàtà, ó fi ìbòrí funfun borí, ó gun òkúta. Òkun dákẹ́.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé kò léwu?" ni Afeefah bi í.

"Ṣé o rí àsíá pupa kankan ni? Ibí ni Bọ̀ọ̀dá mi máa ń wá. Yà mí jàre!"

Ó rẹ́rìn-ín. Afeefah tẹ fóònù. Ìgbì náà dé.

Àwọn apẹja ló gbé e jáde lọ́sàn-án. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

5.

Ataa Odoi wá kí wọn ní Nima. Ó kí ìyá tán, ó yíjú sí Abọ́dúnrìn.

"Ọmọ Alata, ṣé o dá a padà?"

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. "Abọ́dúnrìn, kí ni wọ́n ní kí o dá padà?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó kàn ní:

"O fà á tu kí fọ́tò rẹ lè mọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò fi ọṣẹ bá a ṣàwàdà mọ́.

Fọ́tò tí Afeefah yà ṣì wà. Òkun inú rẹ̀ kò jọ wàrà rárá. Ìgbì dúró gàgàrà lẹ́yìn ọmọ náà, gbogbo ẹ̀kán omi ló hàn, Fáòsíà sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ nǹkan tó wà lẹ́yìn òun. Abọ́dúnrìn a máa jókòó tì í. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́ nínú fọ́tò. Ìgbì yìí, kò lè pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ o. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe ìkìlọ̀ fún aráyé, ẹ má fọwọ́ kàn án nítorí ẹwà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ dá a padà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ará ilé yín bá sì bi yín pé ṣé bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀mí rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ìdáhùn yín.