Wáyà Kejì

"Rosilene, mo ti pa iná yẹn lórí fóònù. Tú wáyà rẹ̀."

Genivaldo ọkọ mi ló ń pè mí láti ìlú Santos. Mo kúnlẹ̀ níwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ amúlétutù.

"Tẹ́sítà ṣì ń tàn!"

"Ìwọ ojo yìí! Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Wá fọwọ́ tìrẹ kàn án nígbà náà!"

Mo fẹ́ jáde. Ilẹ̀kùn kọ̀: fóònù rẹ̀ náà ló ń ṣí i.

Wáyà méjèèjì ló ń gbé iná nílé wa. Ẹ̀rọ tó fi ń pa iná láti orí fóònù, ọ̀kan péré ló ń gé.

Genivaldo mọ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Òun ló kọ́ mi.

Mo figbe ta bí ẹni tí iná gbé, mo sì dákẹ́ bí òkú.

Kò pe orúkọ mi.

Ilẹ̀kùn kàn ṣí, kí àwọn aládùúgbò lè rí òkú gbé.

Òkú ti ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.