Ìlà Tín-ín-rín Inú Lẹ́ńsì

Ìyá Ẹlẹ́ran ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí ìtí igi tó fi ń gé ẹran nígbà tí olè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Olè náà fi aṣọ dúdú bojú, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyá fò mọ́ ọn. Ìgbájú tó gbà mú kí ògiri dagun, ó mú kí gílóòbù kan di méjì. Ó ṣubú ti ìtí igi. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ti dì mọ́ olè náà, ó sì fa aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀bẹ wọ ọmọ náà níkùn, ó jáde, ó tún wọlé. Olè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ fóònù lápò ọmọ tó ń kú lọ, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òbí tó yẹ kí ọmọ sin ló wá sin ọmọ. Ìbànújẹ́ náà wọ Ìyá Ẹlẹ́ran dé egungun, àmọ́ kò pẹ́ tó fi padà sídìí iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń rí nǹkan gé.

Nígbà tí ọlọ́pàá pè é, wọ́n to àwọn ọkùnrin mọ́ ògiri. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nàka sí èyí tí wọ́n ń pè ní Eékánná, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àpá dábùú ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Òun ni."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó sìn ín wá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ti fún Eékánná lọ́rùn, ó ń fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ti bo imú Eékánná kí wọ́n tó já a gbà. Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí fa àbúrò sẹ́yìn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìyá ti tó wa. Ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ. Tó bá ti wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín ò lè fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ẹnikẹ́ni?" ni Ìyá Ẹlẹ́ran béèrè.

"Ẹnikẹ́ni, mà. Odi ibẹ̀ ga ju òrùlé yìí lọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá náà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gé ẹsẹ̀ màlúù títí apá fi ń ro ó.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹyinjú rẹ̀ kò rí róbótó bíi ti ẹlòmíì. Láti kékeré ni ohun tó bá wò ti máa ń fà gbọọrọ. Jígí kò bá iṣẹ́ ẹran mu, torí ọ̀rá ń ta sí i. Lẹ́ńsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ló ń lò. Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, gbé ọ̀kan sórí ìka.

"Mọ́mì, ẹ rí ìlà tín-ín-rín yìí? Ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa wà."

"Tí wọ́n bá gbá èèyàn lójú ńkọ́?"

"Á yí. Ohun tó dúró á dagun, ẹyọ kan á di méjì."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lá ṣe wà?"

"Rárá o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Tẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́jú díẹ̀, á padà sáyè ẹ̀." Dókítà wo ojú rẹ̀. "Ṣé torí ẹjọ́ yẹn ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè wá ṣàlàyé ẹ̀ ní kóòtù."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Mà á sọ ọ́ fúnra mi."

Ní kóòtù, lọ́yà Eékánná rọra dìde.

"Mà, mo gbọ́ pé lẹ́ńsì lẹ fi ń ríran. Nígbà tí wọ́n gbá yín lójú, ṣé ó dúró bó ṣe yẹ?"

"Ó yí, sà. Ògiri dagun. Mo rí gílóòbù kan bíi méjì."

"Ẹni tó ń rí gílóòbù kan bíi méjì, ṣé ó lè dá ojú àjèjì mọ̀?"

"Kò lè dá a mọ̀, sà."

Lọ́yà ìjọba sáré dìde. "Ṣùgbọ́n ẹ nàka sí i ní àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ìbànújẹ́ ló nàka, sà. Kì í ṣe ojú."

Adájọ́ dá Eékánná sílẹ̀. Ní òde kóòtù, àbúrò tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì." Omi bọ́ lójú Ìyá Ẹlẹ́ran. Ó ń sunkún náà títí wọ́n fi délé.

Ó rán alágbàfọ̀ tó múlé tì í sí Eékánná pé òun ṣèèṣì fẹ̀sùn kàn án, òun sì fẹ́ tọrọ àforíjì. Kó wá gba odindi itan màlúù kan. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀fọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀. Eékánná fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ ò bínú sí mi mọ́?"

"Èmi gan-an ló yẹ kí n máa bẹ̀ ọ́. Ti ilẹ̀kùn, kí eṣinṣin má baà wọlé."

Ó tì í.

"Itan náà ló wà lórí igi yẹn. Wò ó dáadáa, kó o fi ibi tó o fẹ́ kí n ti gé e hàn mí."

Eékánná bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìtí igi. Ìyá Ẹlẹ́ran mú àáké.

Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, bó ṣe ṣẹ́jú nírọ̀lẹ́ ọjọ́sí tí lẹ́ńsì fi padà sáyè rẹ̀ kí aṣọ tó kúrò lójú olè, ó rí àpá ìpéǹpéjú yẹn kedere bó ṣe rí i nígbà náà, ó sì gbé àáké sókè, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ni ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti lè kàn án.