Orógbó Gbádégẹ́ṣin

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ kò ní fèrèsé, kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Ìbíwùmí dúró nídìí máìkì. Ọdún kan gbáko ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì náà ti dákẹ́, látìgbà tí Gbádégẹ́ṣin, aṣáájú akọrin wọn, ti kú. Àwo tuntun yìí ni wọ́n fẹ́ fi padà sí agbo, ohùn Ìbíwùmí ni wọ́n sì gbójú lé.

Akínlàbí onílù yọ orógbó kan lápò, ó gbé e sórí àga ẹ̀gbẹ́ máìkì. "Ó yá, ọ̀gá!"

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe fún Gbádégẹ́ṣin kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Lójijì ni ojú Akínlàbí yí padà.

"Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Ó ti mọ́ mi lára ni."

Ó nawọ́ láti mú orógbó náà, ó tún fawọ́ sẹ́yìn. Ta ní ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ òkú?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ fi dá wọn dúró.

"Ta ló ń rún nǹkan wọ́múwọ́mú lẹ́bàá máìkì?"

Gbogbo wọn la ẹnu wọn bí ọmọdé. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbíwùmí wo orí àga. Orógbó ti di ààbọ̀, itọ́ sì ń dán lára rẹ̀.

Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ìkorò orógbó ti bo ahọ́n rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun.

Lẹ́yìn rẹ̀, Akínlàbí ń sunkún, ó gbé igi ìlù sókè.

"Ó yá, ọ̀gá," ló wí.

Ẹnu Ìbíwùmí sì là fúnra rẹ̀.